Ìmọ́lẹ̀ Kékeré Lórí Òkè

Èmi ni mo ń dáná sílé-ẹ̀kọ́ abúlé wa
lókè odò Naryn, níbi tí yìnyín ti ń sùn fún oṣù márùn-ún.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti gbọn eérú, mo ti ko èédú.
N ò kàwé jìnnà. Ṣùgbọ́n ojú mi ń ríran.

Ojú mi ló rí Jazgul, olùkọ́ ìṣirò,
tó ń gun òkè ẹ̀yìn itẹ́ òkú lálaalẹ́,
iná fóònù rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ojú ológbò.
Gbogbo abúlé fẹnu kò: ọkùnrin ni.
Ìyàwó alágbẹ̀dẹ ní awakọ̀ epo ni.
Èmi náà fẹ́ mọ̀. Àgbà tó ní òun ò fẹ́ mọ̀, irọ́ ló ń pa.

Mo tẹ̀lé e lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
Ajá Sagynbay gbó lẹ́ẹ̀kan, ó dá mi mọ̀, ó panu mọ́.
Mo bá a lórí òkúta, ó fi eyín di ìbọ̀wọ́ kan mú,
ìka rẹ̀ tó ti pọ́n bí ata ń yí ojú fóònù,
ó ń kọ nǹkan sínú ìwé pélébé.
Kò sí ọkùnrin. Afẹ́fẹ́ nìkan ni.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ibí nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé."
Ó ní obìnrin kan wà ní Uruguay, olùkọ́ bíi tòun,
tí í kọ ohun tójú rẹ̀ rí ní kíláàsì sílẹ̀
fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á:
èyí tó yọrí, àti èyí tó sọ ọ́ dẹni ẹlẹ́kún.
"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ́ni, Bàbá.
Olùkọ́ ìṣirò mìíràn ò sí ní ọgọ́ta kìlómítà.
Ta ni kí n bi? Àgùntàn?
Àwọn ọmọ mi ní ìdá kan nínú mẹ́jọ
ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ,
torí mẹ́jọ ju mẹ́rin."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu:
ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni èmi náà fi rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń fẹ́ná, mo rí i
tó gbé búrẹ́dì ribiti méjì lé tábìlì.
Bébà ni ará Uruguay ká. Jazgul ní bébà ò ní òórùn.
Ó gé ọ̀kan fún ọmọ mẹ́rin, ó gé èkejì fún mẹ́jọ.
Tilek, ọmọ darandaran tí kì í lanu,
wo ẹ̀là ọwọ́ rẹ̀, ó wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀,
ó figbe ta: "Wọ́n rẹ́ mi jẹ! A ti pọ̀ jù!"
Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà, "Háà!" gba inú yàrá kan.
Èmi gbàgbé ààrò. Iná kú.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá bọ̀ lórí òkè ló ń ṣiṣẹ́.
Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ní kó fi kọ́ ìsọdipúpọ̀,
ọmọ kékeré kan gbé mẹ́ta mì,
a fi ẹṣin wá dókítà. Ó kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Lálẹ́ ọjọ́ búrẹ́dì, mo bá a gbé tọ́ọ̀ṣì gòkè.
Lọ́tẹ̀ yìí, kò kà. Ó ń kọ:
igbe Tilek, iná tó kú,
bóyá ẹnìkan ń bẹ níbìkan tí òru òun náà gùn.
Ó ní ṣé kí òun dárúkọ mi.
Mo ní kó kọ ọ́ pé àgbà kan wà nídìí ààrò,
ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kò jẹ́ kí wọ́n pè é ní wèrè.

Ní abúlé, wọ́n ṣì ní ọkùnrin ni.
Wọ́n ti wá ní èmi ni.
N ò bá wọn jiyàn.