Ọmọ Ẹsẹ̀ Kíkán

Ìyá mi kì í fi kàlẹ́ńdà ka ọjọ́ orí wa.
Oyèwùmí ni ọmọ Iléyá tí wọ́n sanwó iṣẹ́ pé.
Ìbídùn, ọmọ ìgbà tí sìmẹ́ńtì wọ́n l'Ábùjá,
tí àwọn bíríkìlà rọ́ wọ mọ́tò, tí wọ́n sọ̀ l'Ájàṣẹ́.
Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún méje. Òfìfo.

Ìyá bàbá mi ń wo ikùn rẹ̀
bí àgbẹ̀ Àrán-Ọ̀rin ṣe ń wo ojú ọ̀run lóṣù Ẹrẹ́nà.
Ó gbé ìgò àgbo wá ní ìdájí.
Ìyá mi gbà á, ó kúnlẹ̀, ó ní:
"Ẹ jẹ́ ká bu díẹ̀ fún mọ́tò Abùjá, Màámi,
òun ló yàgàn."

Àfi ìgbà tí bàbá já láti orí pákó àjà kẹta.
Wọ́n dì í wálé bí ẹrù.
Oṣù mẹ́fà ló fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí,
ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ìyàwó òun máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.
Kí wọ́n tó tú ọparun ẹsẹ̀ rẹ̀,
mo ti wà níkùn.

Yínúsà tèmi ń lẹ táìlì, Abùjá yẹn náà ni.
Márùn-ún ló fẹ́. Ó ń ka orúkọ wọn fún mi lórí fóònù.
Mo ṣírò ọjọ́ tó sùn nílé l'ésìí: mọ́kànlélógún.
A fi mẹ́ta nínú rẹ̀ sin òkú.
Fàlílá, ọ̀kan ṣoṣo wa, rí i lẹ́nu ọ̀nà,
ó sá wọ yàrá, ó gbé fóònù mi sétí:
"Bàbá, àlejò kan wà nílé wa o."

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì ní Òmù-Àrán.
Ohun tó fi sí mi lápá kò ju igi ìṣáná lọ.
Tí iná bá lọ lálẹ́, mo máa ń fọwọ́ tọ́ ọ wò.
Mi ò fi pamọ́ fún Yínúsà. Ó dákẹ́;
mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń gé táìlì lẹ́yìn rẹ̀.
Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní:
"Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa ní Iléyá."
Mo ní mo gbọ́.

Ìyá mi ò bá mi wí. Ó ń wo bàbá
tó ń tiro lọ síbi àmù.
Ó ní, "Ọdún mẹ́ta ni nǹkan apá yẹn?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní, "Má ṣáà gbàdúrà kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kán."