Sí Eku Kẹrìnlá

Mo ti pààrọ̀ èérún igi abẹ́ rẹ,
mo ti bu omi sí ìgò rẹ. Máa mu.
Òórùn ilé yín ń bá mi dé Pákátà lálaalẹ́,
ìyàwó mi ní kí n máa bọ́ ṣòkòtò sí ẹ̀yìnkùlé.

Èmi ni mo di ìrù ìyá rẹ mú
lọ́jọ́ tí oyún rẹ̀ pé ọjọ́ méjìlá ààbọ̀.
Dókítà Ọmọ́tóyè fa oògùn wárápá sínú abẹ́rẹ́,
ó gún un níkùn, ó kọ ọ́ sínú ìwé.
Ó ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wá ìdí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kan
tí wọ́n wà láàrin wa tí wọn ò wo wá lójú.
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."
Mi ò sọ pé mo ní ọ̀kan nílé.

Wọ́n gbé ọ sínú àpótí oníyàrá mẹ́ta lánàá:
àlejò eku lápá kan, ife òfìfo lápá kejì.
Àwọn tó jẹ́ omi iyọ̀ lásán la fún ìyá wọn
sáré lọ gbóòórùn àlejò, bí ẹni ń kí i káàbọ̀.
Ìwọ jókòó ti ife. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko.
Dókítà ń wo aago. Èmi ń wo Báṣírù
ní ilé kéú Àáfà Salmánù,
tí àwọn yòókù ń mi orí sí wàláà,
tí òun ń to ìdérí ìgò sẹ́sẹ̀ ògiri,
pupa, pupa, àwọ̀ ewé, pupa, pupa, àwọ̀ ewé.
Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá kan ọ̀kan, ilé dàrú nìyẹn.

"Kí lo jẹ nígbà tóo lóyún?"
Ọdún keje rèé tí ìyá mi ti ń bi Ṣìfáwù.
Ó ti kà á fún un tán: ẹ̀kọ tútù, wàrà,
oògùn ẹ̀jẹ̀ ọsibítù, omi òjò.
Eku, tìrẹ rọrùn. A mọ ẹni tó gún ìyá rẹ,
ọjọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé, ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀.
Ta ló gún Ṣìfáwù?

Wọ́n ní eku ò ké bí eku mọ́.
Irọ́ ni. Ẹ ń ké.
Ẹ̀rọ kan wà lórí tábìlì tó ń gbọ́ ọmọ eku
bí wọ́n bá gbé e kúrò lára ìyá rẹ̀,
igbe tó ga kọjá etí ènìyàn.
Mi ò gbọ́ nǹkan kan; ìlà ń jó lójú gíláàsì.
Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti pe ọmọ mi ní odi mọ́.

Nígbà ìsinmi Iléyá, mo mú un wá síbí.
Kò tíì ré kọjá ẹnu ọ̀nà tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.
Dókítà ní fáànù ni. Mo pa fáànù. Kò ṣí etí.
Àgò kẹta ló kọjú sí, níbi tí àwọn ọmọ tuntun wà.
Mo yẹ gíláàsì wò: ìlà ń jó.
Ó lè jẹ́ òórùn yín ni.
Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Kò sí àyè rẹ̀ nínú ìwé.

Ọ̀la ni wọ́n máa gba ọpọlọ rẹ.
Wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí àlùbọ́sà, wọ́n á rẹ ẹ́ láró.
Dókítà kì í ṣe ìkà;
ó máa ń ra ọwọ́ kí ó gbóná kó tó gbé yín.
Ó ní, "Bàbá Báṣírù, eku kì í ṣe ọmọ.
Ihò kọ́kọ́rọ́ la fi ń yọjú."

Báṣírù fi ìdérí kan sílẹ̀ fún ọ, pupa.
Ìlà rẹ̀ nílé dín ọ̀kan, kò sì sunkún.
Mo fọ̀ ọ́, mo fi í sí igun àgò rẹ.
O rì í mọ́ inú èérún igi.
Mo hú u jáde. O tún rì í.
Ó dáa. Kó wà níbẹ̀.