Páìpù Abẹ́ Àyà

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀ Ìlọrin fún ilé-iṣẹ́ omi,
láti Àgbàjí dé Òkè-Súnà,
títí dé ibi tí Gáà-Àkànbí ti kọ ẹ̀yìn sí odò Asà.
Bí ẹ̀rọ omi àdúgbò kan bá ń sunkún dípò kó tú,
a kì í ṣáà gbá ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀.
A ó da omi pupa sẹ́nu páìpù lókè,
n ó lóṣòó ti kòtò nísàlẹ̀, n ó máa retí.
Bó bá pupa dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀nà là.
Bí kò bá dé, ó níbi tó ti há.

Lónìí, èmi ni wọ́n fẹ́ da nǹkan sí nínú.

Oyèdépò, ọmọ Ọmù-Àrán, ló ń tọ́jú ẹ̀rọ.
Ó gba aago, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gba bẹ́líìtì:
òòfà ni gbogbo yàrá náà.
"Bàbá, ṣé kò sí irin lára yín?"
Mo ní èjìká ni mo fi gbé tèmi,
mo sì ti sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìntì.

Abẹ́rẹ́ wọlé. Òtútù gun apá mi dé èjìká,
ẹnu mi ń ta bí ẹni tó lá kọ́bọ̀.
"Omi ara yín ni ẹ̀rọ yìí ń kà," ló wí.
"Oògùn yìí kàn ní kí ẹ̀jẹ̀ tàn sí i ni."
Ẹ̀rín pa mí. Omi náà ló tún kù!
Ẹ̀rọ ń kànkùn, gbà-gbà-gbà, bí agbowó-orí.
"Ẹ mí sínú. Ẹ dá a dúró."
Mo dá a dúró.
Mo rántí Sẹ̀líátù níta, bàtà mi lórí itan rẹ̀;
mo ti sọ fún un pé tùwó alẹ́ àná ni kò dà.

Lójú gíláàsì, ẹ̀jẹ̀ mi funfun,
ó ya ẹ̀ka káàkiri ọkàn bí gbòǹgbò tí òjò hú síta.
Ẹ̀ka kan lápá òsì ń tàn bọ̀, ó ń tàn bọ̀,
ó dé ibì kan,
ó tínrín bí òwú òfì tó fẹ́ já.
Oyèdépò ní dókítà ni yóò sọ̀rọ̀.
Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Èmi náà ti dá a rí lẹ́nu kòtò,
kí n tó sọ fún onílé pé a ó fọ́ iwájú ilé rẹ̀.
Mo fi ìka kan ibẹ̀. "Ibí ni kí wọ́n gbẹ́."

Sẹ̀líátù na bàtà sí mi.
"Ṣé tùwó náà ni?"
Mo ní rárá.