Ibùsùn Eyín Erin

Ilẹ̀ ni mo ń gbẹ́ báyìí fún ọba Ásíríà,
lẹ́bàá odò Hábórì, nínú ẹrẹ̀ tó mù mí dé orúnkún.
Ẹ má fojú di ọwọ́ tó di ọkọ́ yìí mú:
ọwọ́ tó fín òdòdó sára eyín erin ni,
ní Samáríà, nígbà tí Samáríà ṣì ní ògiri.

Ahíṣárì ló ránṣẹ́ pè mí sílé rẹ̀ lórí òkè.
Ó ní, "Ítíránì, ibùsùn ni mo fẹ́.
Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ kìnnìún,
kí igi má hàn níbì kankan."
Òróró pọ̀ nílé náà débi pé wọ́n fi ń pa ìdí ilẹ̀kùn,
kó má baà dún,
kí olówó má baà ta jí.

Kí n má purọ́: mo la eyín náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
mo sì gba owó èyí tó nípọn.
Èmi náà jẹ níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ kẹrin ni mo ń wọ̀n lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà
tí Hógílà opó wọlé wá.
Aṣọ ìbora rẹ̀ ló wá gbà, èyí tó fi dógò
nítorí ọkà báálì òṣùwọ̀n mẹ́ta.
Oòrùn ti ń wọ̀.
Gbogbo wa la mọ òfin àwọn baba wa:
aṣọ aláìní kì í sùn nílé ẹni tó yá a lóhun.
Ahíṣárì ò tilẹ̀ yí ọrùn.
Ó ní kí wọ́n fún un lómi, kí wọ́n sì tì í síta.

Ó mu omi náà. Ó nu ẹnu.
Ó wá tẹjú mọ́ ibùsùn,
ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn obìnrin tébi ń pa:
"Orí eyín lo tẹ́ ẹní rẹ sí, Ahíṣárì.
Erin ló ni ín o, ènìyàn ló ni ín o,
eyín ni eyín ń jẹ́, jíjẹ ni iṣẹ́ rẹ̀.
Olúwa yóò pa àgbọ̀n òkè dé mọ́ ti ìsàlẹ̀,
ìwọ ni yóò sì wà láàárín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín;
Ahíṣárì ò tíì san owó mi tán.

Ọdún mẹ́ta ni Ásíríà fi dó ti ìlú.
Lọ́dún kìíní, fàdákà ra àkàrà.
Lọ́dún kejì, fàdákà ra ìyàngbò.
Lọ́dún kẹta, mo rí Ahíṣárì ní ẹnubodè,
ó na odidi àpò fàdákà sí ọmọdé kan
tó jókòó ti ògiri, tó ń jẹ bàtà awọ.
Ọmọ náà wo àpò, ó wo ojú rẹ̀,
ó sì ń jẹ bàtà rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ògiri wó, èjìká mi ni wọ́n gbé eyín náà lé.
Mo rù ú dé Kálà, níbi tí ọba ní yàrá lórí yàrá,
eyín àwọn ìlú mìíràn kún wọn dé àjà.
Ọmọ ogun kan da tèmi lé òkìtì.
Kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìdodo kìnnìún mi ṣẹ́,
mo gbọ́ ọ.

Ahíṣárì ò bá wa débẹ̀.
Wọ́n ti bọ́ elésè-àlùkò lára rẹ̀, wọ́n bọ́ òrùka,
ohun kan ṣoṣo tójú wọn ò wọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un:
aṣọ ìbora opó, tí kòkòrò ti jẹ létí.
Inú rẹ̀ ló kú sí, lóru, lójú ọ̀nà,
èmi ni mo sì bọ́ ọ.

Òtútù Hábórì ò ṣeé fẹnu sọ. Mo ń fi bora.
Mo ti bèèrè Hógílà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti ilé wá;
ẹnìkan ò mọ̀ ọ́n.
Síbẹ̀, bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀,
mo máa ń bọ́ ọ, mo máa ń ká a,
mo máa ń gbé e lé apá méjèèjì,
mo sì máa ń dúró.