Aago Méjì Nílé Nazibrola

Òjò Kutaisi kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ó bá mi gun àkàsọ̀ dé àjà kẹrin,
èmi àti fíláàṣì kan tí kò ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ,
odidi ètò kọ̀ǹpútà kan ló ká kò sínú rẹ̀.

Tíì ti wà nílẹ̀. Láptọ́ọ̀pù náà ń mí hẹlẹhẹlẹ
bí ẹni tó gbé àpò ìyẹ̀fun gòkè.
"Má pa Windows mi o," ni Nazibrola wí,
"ibẹ̀ làwọn òdòdó mi wà."
Òdòdó orí aṣọ ni: ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń fi òwú ya àjàrà
kò gbọ́ èdè ẹlòmíràn.
Ṣùgbọ́n bí Tornike bá pè láti Porto,
ojú ọmọ a dì gbagidi, ẹnu a là sílẹ̀,
ohùn a kọ̀, kò ní jáde.

Mo ní: Ìyá, a ò ní lé ẹnikẹ́ni.
Ilẹ̀ la fẹ́ pín.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láyé Sófíẹ́ẹ̀tì
ìdílé méjì ló gbé inú yàrá yìí,
aṣọ ìkélé ni àlà.
"Ṣé wọ́n jà?"
"Nítorí ìkòkò nìkan."

Mo kó gbogbo òdòdó rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn,
torí ẹni tó fẹ́ wó ògiri
a kọ́kọ́ gbé ọmọ jáde.
Mo ní kí Windows sún. Ó ń sún, ó ń kùn.
Ìdá ọgọ́ta fún un, ogójì fún Linux.
Mo fa àlà, mo tẹ bọ́tìnnì.
Iná mọ̀nàmọ́ná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.
Èmi àti Nazibrola ò mí.
Iná dúró.

Windows kì í sùn tán, ìyẹn náà ni mo bá pàdé:
o pa á, ó la ojú kan sílẹ̀,
ó di kọ́kọ́rọ́ yàrá mú lójú oorun.
Mo kọ́ ọ bí wọ́n ti ń sùn.

Nírọ̀lẹ́ a tan án. Ojú dúdú kan yọ, orúkọ méjì,
ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti orí mẹ́wàá wá sódo:
èwo nínú wa lo fẹ́?
Nazibrola wọ awò ojú rẹ̀.
Ó lọ sísàlẹ̀, ó gòkè, ó tún lọ sísàlẹ̀.
Àkókò tán, ẹ̀rọ yàn fún un.
"Bí ìyá ọkọ mi gẹ́lẹ́," ló wí.

Tornike yọ lójú Linux, ẹnu ń mì, ohùn ń bá a lọ.
Ó ti dá irùngbọ̀n sí.
Ìyá ò wí nǹkan kan, ó kàn fi ìka kan ojú ẹ̀rọ
níbi àgbọ̀n.

Ọjọ́ kẹta ni mo padà wá nítorí àṣìṣe mi.
Linux kọ aago sínú ẹ̀rọ lọ́nà tirẹ̀,
Windows kà á lọ́nà tirẹ̀,
wákàtí mẹ́rin bá sọnù sáàárín wọn.
Aago mẹ́sàn-án alẹ́ lu ní Kutaisi,
Windows ní márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni.
Àtúnṣe rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́
nígbà tó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi,
òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ wà lára rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀. Aago márùn-ún ló lù ní Porto.
Bí mo bá ń ya òdòdó, mo mọ̀ bó ti kúrò níbi iṣẹ́."

Mo ní kò ní pẹ́ bà jẹ́:
tó bá di ìgbà ooru,
wọ́n á sún aago síwájú lọ́hùn-ún.
Ó ní òun mọ̀.
Ó ní nígbà ooru, Tornike á ti dé.

Mo pa ìlà náà rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì.
Tíì ti tutù.
Mo mu ún bẹ́ẹ̀.