Abẹ́rẹ́ Méjì

Bàbá Kowalchuk kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́.
Ó ní Fálíáńtì yìí, ọdún méje ló fi jù mí lọ,
ní Moose Jaw níbí, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì
ti jẹ ẹ́ lára bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo sanwó. Mo wà á wálé.

Lóṣù kìíní, ní títì tó lọ sí Rẹ̀jáínà,
gééjì epo ní tánkì kún bámúbámú,
ọkọ̀ sì kú.
Ó kú wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó sùn lọ níbi ìwàásù.
Òtútù ọjọ́ náà fi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rẹlẹ̀ ju òdo lọ,
afẹ́fẹ́ ń fi abẹ fá mi létí,
gééjì ìgbóná sì ní ẹ́ńjìnì ń hó.
Ta ni kí n gbà gbọ́?

Mo yẹ fíúsì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó jó.
Mo ra ojú gééjì tuntun láti Wínípẹ̀gì,
ó dé, ó purọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.
Mo tú tánkì sọ̀kalẹ̀, epo dà sí mi lápá,
ìyàwó mi ní pálọ̀ ni n ó sùn.
Tẹ́sítà lọ́wọ́, ìwé àwòrán wáyà lẹ́nu,
mo tẹ̀ lé wáyà búlúù títí ó fi di dúdú,
mo tẹ̀ lé dúdú títí ó fi di ọ̀rá lásán.
Ẹni tó tún un ṣe ṣáájú mi, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n:
páálí sìgá ló fi di ibi tó yẹ kó fi téèpù dì.

Ó di alẹ́ Sátidé. Morádéyọ̀ ń di tọ́ọ̀ṣì mú,
ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìbọ̀wọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́,
ó ń da èérún bisikíìtì sórí ìjókòó.
"Dádì, ẹ tan iná iwájú."
Mo tàn án.
"Ẹ pa á. Ẹ tún un tàn.
Ṣé ẹ rí i? Àwọn méjèèjì jọ ń gòkè ni."

Mo dákẹ́.
Bí òpùrọ́ méjì bá ń pa irọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà,
ẹnì kan ló ń kọ́ wọn.
Kì í ṣe tánkì. Kì í ṣe ẹ́ńjìnì.
Ilẹ̀ ni.

Lẹ́nu iṣẹ́ rìwáyà, ilẹ̀ là ń pe irin ara ọkọ̀,
ibi tí iná ń gbà padà sọ́dọ̀ bátìrì tó rán an níṣẹ́.
Iná tí kò rílẹ̀ tẹ̀ á máa rìn gbéregbère,
á máa wọ ilé tí wọn ò pè é sí.
Ọ̀gá mi ní Ìkìrun, Adéwọyin, a máa wí pé
"Yẹ ilẹ̀ wò kó o tó bú bátìrì."
Ó ti lé lógún ọdún.

Mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù.
Síkúrù kan wà lẹ́yìn rẹ̀, kékeré bí èékánná ọmọ tuntun,
ó mú ṣinṣin, kò dógùn-ún,
ṣùgbọ́n pẹ́ńtì wà lábẹ́ rẹ̀,
pẹ́ńtì dúdú tó ń dán, tó nípọn bí awọ ojú ẹ̀kọ.
Mo mọ pẹ́ńtì náà.
Èmi ni mo kùn ún
lóṣù keje, nínú oòrùn, tí mo ń súfèé,
tí mo ní kí gbogbo rẹ̀ ṣáà dùn ún wò.
Èmi ni mo dalẹ̀, mo wá ń fẹ̀sùn kan tánkì.

"Ta ló kùn ún, Dádì?"
"Di tọ́ọ̀ṣì mú dáadáa."

Mo fọ̀bẹ họ ọ́. Pẹ́ńtì ń já bọ́ bí ìpẹ́ ẹja
títí irin fi yọjú, tó mọ́, tó ń wò mí.
Mo dá síkúrù padà. Mo yí kọ́kọ́rọ́.
Abẹ́rẹ́ méjèèjì gbọ̀n díẹ̀,
wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́.
Ìgbóná: ó tutù.
Epo: kò sí rárá.

Morádéyọ̀ ní, "Ó ti bàjẹ́ tán nìyẹn."
Mo ní rárá, òótọ́ ló ń sọ.
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo wọ bàtà yìnyín,
ilé epo ìkángun àdúgbò ò tíì tì.
Bàbá Kowalchuk ń wò mí lójú fèrèsé.
Mo juwọ́ sí i, bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.