Àtàǹpàkò Galsan

Fọ́ọ̀mù dé láti Ulaanbaatar lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Ọkọ̀ tó ń kó ìyẹ̀fun ló bá wa gbé e wá,
mẹ́rìnlá géérégé, tàdáà ṣì ń rùn lára wọn.
Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀:
Kí ní ń mú ọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn yìí?
Àpótí márùn-ún tò sísàlẹ̀:
owó oṣù, ìgbéga, ìyìn ọ̀gá, ìbẹ̀rù ọ̀gá, òmíràn.
Fi àmì sí ẹyọ kan.
Èmi akọ̀wé ni kí n kà wọ́n, kí n dá wọn padà lọ́jọ́ Ẹtì.

Sambuu awakọ̀ fàmì sí gbogbo rẹ̀.
Mo ní ẹyọ kan ni wọ́n wí.
Ó ní, "Owó oṣù Bélú ò tíì dé,
bí mo bá fò ó, wọn á ní n ò fẹ́ ẹ mọ́."
Sambuu yìí kan náà
ló wakọ̀ lóru lọ gbé ọmọ darandaran tí ẹṣin dá lẹ́sẹ̀,
ọ̀nà ò sí, ìràwọ̀ ló ń tọ̀;
ó bọ́ ẹ̀wù awọ rẹ̀ fún ọmọ náà,
ó fi ìka tí kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà lọ́wọ́ òun
di ìdarí mú dé ilé.

Norjmaa agbẹ̀bí kọ ọ̀rọ̀ gígùn sétí ìwé, ó pa á rẹ́,
ó wá kọ: Ẹ fi ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́.

Dókítà Ariunzul ò kọ nǹkan kan.
Ó ní, "Bí mo bá jókòó rò ó,
màá bá ọkọ̀ ìyẹ̀fun padà sílé."

Ó ku Galsan, ẹni tó ń kóná.
Òtútù ibí kì í ṣe òtútù a-wọṣọ-sí-i.
Bí iná bá kú fún wákàtí méjì,
omi inú páìpù á di òkúta, páìpù á bẹ́,
ilé ìwòsàn á di pósí olójú fèrèsé mẹ́jọ.
Galsan kì í wọ yàrá aláìsàn,
ó ní èédú òun ò bá aṣọ funfun rẹ́.
Ṣùgbọ́n lóru tí obìnrin bá ń rọbí
á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù,
á bi Norjmaa:
"Ó ké?"
"Ó ké."
Á mi orí, á padà sídìí iná.
N ò rí i kó gbà ju ìyẹn lọ.

Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, ó wá, ó béèrè.
Norjmaa ò fọhùn.
Ẹni ń sunkún ṣì ń ríran:
ó ń ká aṣọ ìnura tí a ò lò.
Galsan dúró. A ń gbọ́ omi nínú páìpù.
"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"
"Ó ń gbọ̀n."
Ló bá sáré, arúgbó olórúnkún dídùn,
a sì ń gbọ́ ṣọ́bìrì rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́,
ṣàá, ṣàá, ṣàá,
bí ẹni ń gbẹ́lẹ̀, bí ẹni ń bo nǹkan.
Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ògiri ń làágùn.
Obìnrin náà sùn.

Fọ́ọ̀mù Galsan rèé níwájú mi.
Ó ní ojú òun ò gbe ìwé mọ́,
ó tẹ àtàǹpàkò eléèédú mọ́ ọn.
Kò bọ́ sínú àpótí kankan,
àárín ìyìn àti ìbẹ̀rù ló gúnlẹ̀ sí,
ó sì tóbi ju àwọn méjèèjì lọ.
Mo fi rọ́bà pa á. Ó tàn ká.

Mo di mẹ́tàlá sínú àpò ìwé.
Mo kọ ọ́ pé ọ̀kan bàjẹ́.
Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Tèmi ńkọ́? Owó oṣù ni mo fàmì sí.
Irọ́ kọ́, ọmọ mẹ́ta ni mo ń bọ́.
Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fa àmì náà lọ́wọ́,
mo rí i pé ẹ̀yìn mi
ti fara ti páìpù látàárọ̀.